Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Ní Ó Sọnù

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Irọ́ ni mo pa. Kọ́kọ́rọ́ náà kò sọnù.

N ó kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, gbọnrangandan, kí ọwọ́ mi lè mọ bí ó ṣe rí. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó jókòó sí yàrá ẹ̀yìn ilé yìí, ó kọ ètò orí fóònù kan fún àwọn aránṣọ. Aránṣọ á kọ ìwọ̀n oníbàárà rẹ̀ sínú rẹ̀. Ètò náà á wá fi hàn án bí yóò ṣe to apá, àyà, ẹ̀yìn àti ọrùn sórí aṣọ kó tó gé e, tí aṣọ kò fi ní ṣòfò. Gé-Má-Ṣòfò ni ó pè é. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, èmi ni mo fi orúkọ mi gba àyè fún un ní ọjà áàpù, nítorí ọmọ ilé ìwé ṣì ni. Báyìí ni orúkọ mi ṣe wà níwájú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí mi. N kò sọ fún wọn pé wọ́n ṣì mí mú. Mo tún dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọmọ náà jókòó láàárín wọn, ó ń gbọ́.

Nígbà tí ó ní òun ń kó iṣẹ́ òun lọ, mo ní kọ́kọ́rọ́ ti sọnù.

Fáìlì kékeré kan inú fílááṣì ni kọ́kọ́rọ́ yẹn. Òun ni a fi ń buwọ́ lu gbogbo ẹ̀dà tuntun tí a bá gbé jáde. Fóònù kì í gba ẹ̀dà tuntun tí kò bá ní ìbuwọ́lù ti àtijọ́. Ẹni tí kò ní i lọ́wọ́ lè mọ ètò náà bí ẹní mowó, kò lè tún ohunkóhun ṣe nínú rẹ̀ mọ́ fún àwọn tó ń lò ó. Ó gbà mí gbọ́. Ó bá mi wá a. Ó wo abẹ́ ibùsùn! Èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo ń wá ohun tí ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

Ó gbé iṣẹ́ náà jáde lórúkọ mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò tẹ̀lé e lọ. Ó jáwọ́, ó lọ ń bá ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan kọ ètò tí wọ́n fi ń ṣírò jàǹbá ọkọ̀. Láti ìgbà náà, sà ni ó ń pè mí. Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ọdún, sà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí lónìí: ọjà áàpù fi ìwé ránṣẹ́. Wọ́n ní Gé-Má-Ṣòfò ti gbó. Bí a kò bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde kí oṣù yìí tó parí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Wọ́n á yọ ọ́! Kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹta

Ewúrẹ́ ṣì ń la ògiri kọjá.

Eré orí fóònù tí mo ń ṣe fúnra mi ni mò ń sọ — tèmi gan-an ni èyí o, láti orí dé ìrù. Olóríkunkun ni orúkọ ewúrẹ́ inú rẹ̀. Òjò ṣú, o ní láti dà á wọlé. Ibi tí o bá tì í sí, òdìkejì ni yóò gbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi ní àwòrán ara mi ni mo yà. Bàbá Ewúrẹ́ ni ó ń pè mí báyìí, pàápàá níwájú àlejò.

Mo fi ewúrẹ́ sílẹ̀ sínú ògiri, mo ṣí kóòdù Gé-Má-Ṣòfò. Ó pẹ́ tí mo ti wò ó kẹ́yìn. N kò rántí pé ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́ tó báyìí. Gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀, bí ilé ẹni tó ń retí àlejò. Ojú tì mí. Inú tún bí mi pé ojú tì mí.

Mo ti pinnu. Èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe. Wọ́n ní àgbà ń dé, ọgbọ́n ń lọ. Tèmi kò tíì rí ọkọ̀ wọ̀. Àmọ́ n kò ní fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ àtijọ́. Ó wà nínú fílááṣì rẹ̀, fílááṣì wà nínú àpò awò ojú mi tí kò wúlò mọ́. Kó máa sùn níbẹ̀. Páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ — bí mo bá gbàgbé orúkọ mi, n kò lè gbàgbé ìyẹn. Ẹnu ọmọ náà ni mo ti mú un.

Kọ́kọ́rọ́ tuntun ni n ó gé; ẹni tí fóònù rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ á kàn pa ti àtijọ́ rẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní bi mí léèrè ibi tí mo ti rí ti àtijọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Awò ojú méjì, ọ̀kan lórí ìkejì. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ó ní kí n lọ sinmi. Mo ní ìsinmi pọ̀ níbi tí mò ń lọ. Ó ní kí n má fi ikú ṣeré. Mo ní ikú ni kó ṣọ́ra, kó má wá bá mi nídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù kẹta

Mo yọ apá ibi tí ó ń to àwọn ègé aṣọ kúrò, mo fi ìṣirò tèmi rọ́pò. Kí ni mo ṣe ń kọ́ni fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn bí n kò bá lè ṣe èyí? Mo dán an wò. Aṣọ tó ṣẹ́ kù pọ̀ ju ti ọmọ náà lọ dáadáa. Mo jó. Mo jó dé ẹnu ọ̀nà, orúnkún mi ní ó tó.

Ìgbà tí mo jókòó láti nu òógùn ni mo rí apá ẹ̀wù mi. Ẹ̀wù onílà. Ìlà ara rẹ̀ dúró, ìlà apá rẹ̀ náà dúró. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà: mo ti dá gbogbo apá sùn gbalaja. Ẹni tó bá fi tèmi gé aṣọ, ìlà á dúró ní àyà rẹ̀, á sùn ní apá rẹ̀ bí ẹní àìsàn ń ṣe. Ọmọ náà ti fi ọfà kékeré kan sí ara ègé kọ̀ọ̀kan, láti fi ibi tí òwú aṣọ kọrí sí hàn. Mo rí ọfà náà láàárọ̀. Mo rò pé ó kàn fi ṣe ọ̀ṣọ́. Mo pa á rẹ́.

Mo dá tirẹ̀ padà. Gbogbo rẹ̀. Mo wá kọjú sí ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ lọ́wọ́ mi: kí ó lè ṣí lórí fóònù ìwòyí. Iṣẹ́ akọ́lé kọ́ ni, iṣẹ́ ẹni tó ń pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kẹta

Ewúrẹ́ kò la ògiri kọjá mọ́. Orí òrùlé ni ó ń dúró sí.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù kẹta

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Aránṣọ ìsàlẹ̀ — obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ ilé wa, tó ń pè mí ní Bàbá Òkè — gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé Gé-Má-Ṣòfò kọ̀ láti wọ inú fóònù tuntun. Ó gòkè wá lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n má jẹ́ kí ojú ti àwọn o, pé inú ètò yìí ni ayé òun wà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, èyí tí mo tún ṣe ti jinná. Láàárọ̀ yìí mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò pẹ́, ó kígbe láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn: Bàbá Òkè, ó kọ̀ o! Fóònù ní òun kò mọ ẹni tó buwọ́ lù ú!

Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. N kò tilẹ̀ dìde. Mo kígbe padà: Pa ti àtijọ́ rẹ́, kí o wá fi tuntun sí i!

Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò kígbe mọ́: Bàbá Òkè. Àwọn èèyàn mi dà?

Gbogbo ìwọ̀n. Gbogbo oníbàárà tó ti ń kọ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn òkè ọ̀nà wà níbẹ̀, tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ iṣẹ́ wọn lọ́la. Ẹni tó bá pa ètò rẹ́ ti pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀! Ká ní kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni mo fi buwọ́ lù ú ni, fóònù ì bá gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo kì bá ti sọnù. Gbogbo aránṣọ tó ń lò ó níbi gbogbo, ohun tí mo fẹ́ ṣe sí wọn nìyẹn: kí n pa ìwọ̀n wọn rẹ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó kàn ń wo fóònù. Ó ní kò burú, Bàbá Òkè. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ta ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́?

Mo ní èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ọmọ mi ni.

Ó gbójú sókè. Ọmọ yín wo? Èyí tí kì í pẹ́ níbí bó bá wá kí màmá? Mo ní òun ni. Ó wò mí títí. Ó ní: Ẹ̀ẹ́n. Àdúrà tí a ti ń gbà fún yín láti ọjọ́ yìí wá! Ojúlé tí kì í ṣe tiwọn ni gbogbo wọn ń yà sí!

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dùn ún rín. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a lọ wọn àwọn nọ́ọ̀sì náà padà. Ó ní ṣé ẹ lè dúró? Mo ní mo ti dúró níwájú pátákó fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ta ló gbé àga fún mi?

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta

Mo di akọ̀wé aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Òun ń na téèpù, èmi ń kọ. Bí àwọn kan ṣe ń jáde lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń wọlé. Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà tẹ́rùn. Ọ̀kan ní: Bàbá, ìwé ni kí ẹ kọjú sí o, ẹ má kọjú sí mi. Ẹlòmíràn, tó sanra dáadáa, gbọ́ nọ́ńbà ìbàdí rẹ̀, ó di ìwé mi mú: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín in kù díẹ̀. Mo ní ìṣirò kì í parọ́. Ó ní ẹ̀yin ẹ ṣáà bá a pa á, ta ló máa mọ̀?

Aránṣọ ìsàlẹ̀ ní: Aṣọ á mọ̀. Lọ́jọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, aṣọ á sọ fún gbogbo wọ́ọ̀dù.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rìn délé, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kẹta

Mo sọ fún ìyàwó mi.

Ó ń ká aṣọ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo sọ ọ́ láìjókòó. Ó ní: Ẹ tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí ìyókù, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ó ní: Ọmọ yẹn sunkún lórí itan mi. Èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ kó má bínú sí ẹ̀rọ. Mo ní ẹ̀rọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan a máa sọnù nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀yin sì jókòó sínú yàrá yìí, ẹ ń jẹun.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní: Ẹ ṣé tí ẹ kò sọ pé ẹ kò rántí.

Mo bi í bóyá ó lè bá mi kọ́kọ́ fi tó ọmọ náà létí. Àṣìsọ! Ó dìde. Ó ní: Nígbà tí ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ṣé ẹ pè mí síbẹ̀? Ẹnu tó ní ó sọnù ni yóò ní kò sọnù.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù kẹta

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó kan tábìlì kó-kó, ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù kẹta

Mo pe ọmọ náà. Ẹ kú àárọ̀, sà. Ó ní ṣé kò sí nǹkan o. Ó ní ṣé ara mọ́mì le. Mo ní ara rẹ̀ le. Ó dákẹ́, ó ń dúró kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí ó lè máa lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní: Kọ́kọ́rọ́ Gé-Má-Ṣòfò wà lọ́wọ́ mi.

Ó mí. Mo gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ti ọmọdé lójijì: Ẹ ti rí i?

N ó kọ èyí dáadáa nítorí ibẹ̀ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣí i fún mi! Kí n ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti rí i. Inú rẹ̀ á dùn, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi — á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! — bóyá á tilẹ̀ tún pè mí ní Bàbá. Ìyàwó mi nìkan ni ìbá mọ̀. Mo ti la ẹnu.

Àárín ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni mo bá ara mi, tí obìnrin yẹn di ìwé mi mú. Ta ló máa mọ̀?

Rárá o. N kò ní wọ aṣọ yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ní: N kò rí i. Kò sọnù rí. Àpò mi ni ó wà lọ́jọ́ tí a jọ ń wá a.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ṣílẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fóònù kú.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù kẹta

Kò pè.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kẹta

Kò pè. Ẹ̀dà tuntun ti parí. Mo dán an wò lórí fóònù àtijọ́, mo dán an wò lórí tuntun. Ó ń ṣí, ó ń tò, ó ń pa ìwọ̀n mọ́. Ìbuwọ́lù ni ó kù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀, níbi tí orúkọ mi wà, mo ti pa orúkọ náà rẹ́. N kò kọ tirẹ̀ síbẹ̀. Kì í ṣe tèmi láti kọ. Mo fi àyè sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19 oṣù kẹta

Ìyàwó mi ti dárí jì mí tó láti bú mi. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ rí ewúrẹ́ tó gba ọkọ òun. Ó ti ewúrẹ́ síhìn-ín, ó lọ sọ́hùn-ún. Ó tì í sọ́hùn-ún, ó gun òrùlé. Ó sọ fóònù sílẹ̀ lórí àga, ó ní ewúrẹ́ yín kò ní ẹ̀kọ́, ó lọ mu omi. Ìgbà tí a máa fi wo ojú fóònù, Olóríkunkun ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sílé, ó wọlé, òjò dé.

N kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àléébù ni. Mo wá ibi tó ti wá títí, mo rí i: nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tì í, kò ní òdìkejì tí yóò gbà.

N kò ní tún un ṣe. Kó wà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù kẹta

Ọjà áàpù tún kọ̀wé. Oṣù ń parí lọ. Aránṣọ ìsàlẹ̀ bi mí láti ojú fèrèsé pé, Bàbá Òkè, ṣé ẹni tó ṣe é ti gbọ́? Mo ní ó ti gbọ́. Ó ní kí ló wí? Mo ní kò tíì wí nǹkan kan. Ó ní àwọn ń dúró o, pé òun ti sọ fún ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ kí wọ́n tún àdírẹ́sì àdúrà ṣe.

Kí n kọ ohun tí ń jẹ mí lọ́kàn sílẹ̀. Fílááṣì wà níbí. Páásíwọ́ọ̀dù wà lórí ahọ́n mi. Mo lè buwọ́ lu ẹ̀dà tuntun yìí kí omi tó hó, mo lè gbé e jáde, gbogbo aránṣọ á máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìdí rere ni. Ìdí rere! Ìdí rere ni mo ní nígbà àkọ́kọ́ náà: mo ní ọmọdé ni, mo ní orúkọ mi ni wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún, mo ní n ó bá a tọ́jú rẹ̀.

N kò ní fọwọ́ kàn án. Bí ó bá di ọjọ́ ìkẹyìn oṣù tí ọmọ náà kò dé, wọ́n á yọ ọ́, àwọn aránṣọ á ṣépè fún mi, n ó sì jókòó níbí gbà á. Ó sàn kí nǹkan rẹ̀ kú ní orúkọ rẹ̀ ju kó tún yè ní ọwọ́ mi lọ. Bóyá èrò òmùgọ̀ ni. Mo ti gbọ́n jù nígbà kan, ẹ wo ibi tó já sí.

Mo kọ̀wé sí ọjà áàpù kí wọ́n gbé àyè náà kúrò lórúkọ mi sí tirẹ̀. Mo gbé àpò awò ojú sí àárín tábìlì oúnjẹ, ní gbangba. Ìyàwó mi ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹta

Ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Kò kí mi. *Kí ló dé tí ẹ fi ṣe é?*

Mo kọ èsì gígùn. Mo sọ̀rọ̀ nípa bí bàbá tèmi ṣe tọ́ mi, nípa ipò tí wọn kò fi mí sí lẹ́nu iṣẹ́, nípa bí ayé ṣe rí nígbà náà. Mo kà á. Agbẹjọ́rò rere ni mo jẹ́ fún ara mi. Mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó ń kán tótó bí aṣọ tí a kò fún. Mo pa ìyẹn náà rẹ́.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́: *Nítorí pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí lórí ohun tí mo fúnra mi ṣe.*

Ó pẹ́. Èsì dé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán: *Mò ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.*

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù kẹta

N kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Kódà ewúrẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹta

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà dúró. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ti jáde sí i. Ó ní: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Gé-Má-Ṣòfò? Mo na etí. Ọmọ náà ní: Èmi ni mo ṣe é. Aránṣọ kígbe bí ẹni rí ẹbí tó ti sọnù. Ó ní ọfà yẹn, ọfà kékeré ara apá aṣọ, ọlọ́gbọ́n wo ló ronú kan ìyẹn? Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi wà lókè, mo di àga mú.

Ó wọlé. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ní funfun níwájú. Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀? Ó yí sí mi, ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.

N kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti kó wọn jọ fún gbogbo ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn sá. Mo mú àpò awò ojú náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Mo ní: Tìrẹ ni. Mo mọ̀ pé tìrẹ ni nígbà tí mo ní ó sọnù. Mo jalè, mo tún bá olóhun wá a.

Ó gbà á. Kò ní kò tọ́pẹ́. Kò ní ó ti tán. Ó ní: Ẹ mọ̀ pé mo wo abẹ́ ibùsùn. Mo ní mo mọ̀. Ó ní: Mo rò pé èmi ni mo sọ ọ́ nù. Ọdún mélòó ni mo fi ń rò ó, pé bóyá èmi ni mo gbé e síbi kan.

Èyí, n kò mọ̀. N kò ronú kàn án rí. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó rọra fa ilẹ̀kùn.

Ó fi fílááṣì sára kọ̀ǹpútà mi. Mo jókòó níwájú rẹ̀ láti ṣí fáìlì náà fún un, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó bi mí kí ni páásíwọ́ọ̀dù.

Mo sọ ọ́ fún un láìtẹ̀ ẹ́: *Ẹ jẹ́ n ṣe é fúnra mi.*

Ó ní: Kí lẹ wí?

Mo ní òun náà ni. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, láìsí àlàfo. Ohun tí ó máa ń wí ní kékeré nìyẹn, bí mo bá fẹ́ bá a so okùn bàtà. Á gbá ọwọ́ mi kúrò, okùn á lọ́ pọ̀, a ó pẹ́ jáde nílé. Lọ́jọ́ tí mo fi páásíwọ́ọ̀dù ti kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọn, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn nìyẹn, mo fi tì í pa.

Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ tún bẹ̀rẹ̀.

Ó fi ojú wo kóòdù tí mo tún ṣe, láti orí èjìká mi. Ó ní ta ló kọ èyí. Mo ní èmi ni. Ó ní ó hàn.

Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn àga. Ó ní: Ẹ dìde.

Mo dìde. Ó jókòó.